Orúkọ Tí Kò Rí Ẹni Pè É: Èrò Mi Lórí Àwọn Eré Ánímè Kan

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí yàtọ̀ díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ gírámà tí a máa ń bá ara wa sọ. Ọ̀rọ̀ ánímè àti máńgà ni. Ánímè ni eré aláwòrán tí àwọn ará Japan ń yà, tí wọ́n ń mú kí ó máa rìn, kí ó sì máa sọ̀rọ̀. Máńgà ni ìwé ìtàn aláwòrán tí púpọ̀ nínú àwọn eré bẹ́ẹ̀ ti jáde wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń wò wọ́n, èmi náà sì ń wò wọ́n. Àwọn kan lára ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ gbà pé eré ọmọdé lásán ni. N kì í bá wọn jiyàn púpọ̀. Ọmọdé là ń pa àlọ́ fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbà ló ń pa á.

N kò ní to gbogbo eré tí mo ti wò sílẹ̀ bí ẹni tó ń pàtẹ ọjà. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni n óò fi wọn díẹ̀ nínú wọn: kí ni eré náà fi orúkọ ṣe? Ẹni tó bá kọ́ nípa ẹ̀dá-èdè yóò kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ ìtàn àwọn ará Japan ló dá lé orúkọ: orúkọ tí a jí gbé, orúkọ tí a fi pamọ́, orúkọ tí a gbàgbé, orúkọ tí a dá padà fún ẹni tó ni ín. Èrò tèmi ni pé èyí tó dára jù nínú wọn ni èyí tó mọ̀ pé orúkọ kì í ṣe ohun ìní ẹni tó ń jẹ́ ẹ nìkan. Ẹnu ẹni tó ń pè é ni orúkọ ń gbé. Eré tí kò bá mọ èyí, bó ti wù kí ó gbajúmọ̀ tó, n óò fà á sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí mo fi ṣe àkọ́kọ́. Ní ọdún 2001 ni Hayao Miyazaki àti ilé-iṣẹ́ Studio Ghibli gbé fíìmù kan jáde tí wọ́n pè ní Sen to Chihiro no Kamikakushi. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pè é ní Spirited Away. Ó gba ẹ̀bùn Béárì Oníwúrà níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin ní ọdún 2002, ó gba Oscar ní ọdún 2003, òun ló sì pa owó jù lọ nínú gbogbo fíìmù ní ilẹ̀ Japan títí di ọdún 2020, nígbà tí Demon Slayer: Mugen Train gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá kan, Chihiro, àti àwọn òbí rẹ̀ ṣìnà wọ ìlú àwọn ẹ̀mí. Àwọn òbí jẹ oúnjẹ tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì di ẹlẹ́dẹ̀. Kí ọmọ náà tó lè rí ọ̀nà gbà wọ́n là, ó ní láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Yubaba, àjẹ́ tó ni ilé ìwẹ̀ tí àwọn ẹ̀mí ti ń wẹ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àmì-ìkọ̀wé mẹ́rin: Ogino Chihiro. Yubaba na ọwọ́, mẹ́ta nínú àwọn àmì náà gbéra lórí ìwé, wọ́n sì fò bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Ó wá sọ fún ọmọ náà pé Sen ni yóò máa jẹ́ láti ìgbà náà lọ.

Ibí yìí ni ẹni tó gbọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń pàdánù nǹkan. Ó gbọ́ Chihiro, ó gbọ́ Sen, ó sì rò pé ńṣe ni àjẹ́ náà fún ọmọ ní orúkọ tuntun. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àmì tó ṣẹ́ kù náà ni àmì tí wọ́n fi ń kọ ẹgbẹ̀rún. Bí ó bá wà nínú orúkọ Chihiro, "chi" ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe ìpè àbáláyé àwọn ará Japan. Bí ó bá dá dúró, "sen" ni wọ́n ń pè é, ìpè tó bá àmì náà wá láti ilẹ̀ China. Chihiro fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí ibú omi tó jìn ní ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n. Ohun tí Yubaba ṣe ni pé ó gba ibú omi lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì fi nọ́ńbà sílẹ̀ fún un. Kò fún un ní orúkọ mìíràn. Àjákù orúkọ ọmọ náà ló dá padà fún un pé kí ó máa jẹ́. Ìwà ìkà tó wà nínú èyí ju ti ẹni tó fún ẹrú ní orúkọ àjèjì lọ, nítorí pé ẹni tí a fún ní àjákù orúkọ ara rẹ̀ lè má tètè mọ̀ pé a ti ja òun lólè.

Haku, ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún Yubaba, ló kìlọ̀ fún Chihiro pé bí ó bá gbàgbé orúkọ rẹ̀, kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó mọ ohun tó ń sọ, nítorí òun náà ti gbàgbé tirẹ̀. Ní ìparí, Chihiro rántí pé nígbà tí òun kéré, òun já sínú odò kan tí wọ́n ń pè ní Kohaku, pé wọ́n ti dí odò náà, wọ́n sì ti kọ́ ilé lé e lórí. Odò yẹn gan-an ni Haku. Odò tí a ti dí pa kò lè pe ara rẹ̀ lórúkọ. Ẹni tó ti já sínú rẹ̀ rí ló pè é, tó fi rántí ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbé fíìmù yìí borí gbogbo àwọn yòókù.

Èyí tí mo fi ṣe èkejì kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa. Natsume Yūjin-chō ni. Yuki Midorikawa ló ni máńgà náà. Eré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní ọdún 2008, ìsọ̀rí rẹ̀ keje sì jáde ní ọdún 2024. Natsume jẹ́ ọmọ òrukàn tó ń rí àwọn iwin tí ẹlòmíràn kì í rí. Ó jogún ìwé kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà, Reiko, tó máa ń bá àwọn iwin figagbága nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Iwin tí ó bá ṣẹ́gun yóò kọ orúkọ sínú ìwé náà, ẹni tó bá sì ni ìwé náà lọ́wọ́ lè pàṣẹ fún un. Ẹlòmíràn ì bá fi irú ogún bẹ́ẹ̀ di ọba. Ńṣe ni Natsume ń dá àwọn orúkọ náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò fi ewé ìwé náà sẹ́nu, yóò pàtẹ́wọ́, yóò mí èémí jáde, orúkọ náà á sì padà sára ẹni tó ni ín.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn eré yìí ni pé kì í ṣe òmìnira nìkan ni àwọn iwin náà ń wá. Ohun tó dun òmíràn nínú wọn ni pé Reiko gba orúkọ wọn, kò sì padà wá pè wọ́n. Nínú ìpín kejì eré náà, òrìṣà kékeré kan wà tó ń gbé ojúbọ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí àwọn tó ń bọ ọ́ ṣe ń dín kù ni ara rẹ̀ ń kéré sí i, títí tí kò fi ju ìka ọwọ́ lọ. Ìyá arúgbó kan ṣoṣo ló kù tó ń gbé oúnjẹ wá fún un. Nígbà tí ìyá náà kú, òrìṣà náà bá a lọ. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé lórí èyí. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí kò sí ènìyàn, imalẹ̀ kò sí. Inú mi dùn láti rí i pé àwọn ará Japan náà mọ̀ ọ́n.

Monster ni ẹ̀kẹta. Naoki Urasawa ló kọ ọ́ láàárín ọdún 1994 sí 2001, ìwé 18 ni. Eré rẹ̀ jáde ní ọdún 2004 sí 2005, ìpín 74. Ilẹ̀ Jámánì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà Tenma, ará Japan tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, yàn láti gba ẹ̀mí ọmọdékùnrin kan là dípò ti olórí ìlú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ló mọ̀ pé apànìyàn ni ọmọ tí òun gbà là, Johan. Nínú ìtàn yìí ni ìwé ọmọdé kan wà nípa abàmì ẹ̀dá kan tí kò ní orúkọ. Ẹ̀dá náà ń wá orúkọ kiri. Ẹni tó bá fún un ní orúkọ, yóò wọ inú ẹni náà, yóò sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Ní ìkẹyìn ó rí orúkọ tó dára, Johan, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ó ti jẹ gbogbo ènìyàn tán. Orúkọ dé, ẹni tí yóò pè é kò sí mọ́. N kò mọ ibòmíràn tí a ti sọ òtítọ́ yìí ṣókí tó bẹ́ẹ̀. Àbùkù tí mo rí lára eré náà ni pé ó gùn jù. Àwọn ènìyàn kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí a bá yọ wọ́n kúrò, ìtàn kò ní mọ̀ pé wọ́n lọ.

Mo fi Kimi no Na wa, fíìmù Makoto Shinkai ti ọdún 2016, ṣe ẹ̀kẹrin. Mitsuha, ọmọbìnrin abúlé, àti Taki, ọmọkùnrin ìlú Tokyo, ń pààrọ̀ ara lójú oorun. Ìran kan wà nínú rẹ̀ tí mo lè fi kọ́ni fún wákàtí kan. Mitsuha wà nínú ara Taki, ó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ Taki sọ̀rọ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní "watashi", wọ́n wò ó. Ó ní "watakushi", wọn kò gbà. Ó ní "boku", wọ́n ṣì ń wò ó. Ó ní "ore", wọ́n wá mi orí. Gbogbo wọn, "mo" náà ni. Ní tiwa, inú "o" àti "ẹ" ni ọ̀wọ̀ wà, nínú bí a ṣe ń pe ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, "mo" ni yóò sọ. Ní tiwọn, bí ènìyàn bá ti fẹ́ pe ara rẹ̀, ó ti gbọ́dọ̀ sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n túmọ̀ ìran náà sí Yorùbá, n óò jẹ́ kí Mitsuha sọ ẹ̀ka-èdè Èkìtì láàárín àwọn ọmọ Èkó. Ó ṣe tán, àwọn ọ̀rẹ́ náà kíyè sí i pé ohùn rẹ̀ dún bí ti ará oko.

Mo fẹ́ràn ibi tí Taki ti yẹ kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ Mitsuha kí ó má baà gbàgbé, tó wá jẹ́ pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan kò bọ́ sí i. Àwọn méjèèjì ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ara wọn lórí fóònù, ọdún mẹ́ta ló wà láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó wo ọjọ́ àti ọdún. Ẹkún tí fíìmù náà mú mi sun kò jẹ́ kí n gbàgbé ìbéèrè yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má bínú sí mi lórí èyí tó kàn. Death Note ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò fi ṣe àkọ́kọ́. Tsugumi Ohba ló kọ ọ́, Takeshi Obata ló ya àwòrán rẹ̀, láti ọdún 2003 sí 2006. Eré rẹ̀ tó ní ìpín 37 jáde ní ọdún 2006 sí 2007. Light Yagami rí ìwé kan tó jẹ́ ti ẹ̀mí ikú. Ẹni tó bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé náà, tó sì ní ojú rẹ̀ lọ́kàn, yóò kú. L, ọlọ́gbọ́n tó ń wá a kiri, fi orúkọ tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn lẹ́tà kan ṣoṣo. Mo gbà pé iṣẹ́ ọpọlọ wà níbẹ̀. Ìran tí Naomi Misora, tó ti kọ́kọ́ fún Light ní orúkọ èké, wá fi ojúlówó orúkọ rẹ̀ hàn án, kò ṣeé gbàgbé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí L kú ní ìpín 25, ìtàn náà kò padà bọ̀ sípò. Ìdí rẹ̀ lójú tèmi ni pé orúkọ kò ju kọ́kọ́rọ́ lọ nínú eré yìí. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lè ṣílẹ̀kùn. Bí a bá ti ṣí i tán, kí ló kù?

Ẹ fi wé ohun tí àwọn baba wa fi orúkọ ṣe. Death Note ń fi orúkọ lé ènìyàn kúrò láyé. Àwọn tiwa ń fi orúkọ dá ọmọ dúró sáyé. Ẹ wo orúkọ àbíkú: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókò, Kòkúmọ́. Lójú onímọ̀ èdè, gbólóhùn odindi ni wọ́n, òmíràn nínú wọn sì jẹ́ gbólóhùn àṣẹ tàbí ti ẹ̀bẹ̀. Ọmọ náà kò lè bẹ ara rẹ̀. Àwọn tó ń pè é ló ń bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ké sí Bánjókò láti ìta pé kí ó wá gba omi, yálà ó rò ó tàbí kò rò ó, ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó. Gbogbo agbo ilé ló ń di ọmọ náà mú láàárọ̀ àti lálẹ́.

Naruto ńkọ́? Masashi Kishimoto kọ ọ́ láti ọdún 1999 sí 2014, ìwé 72. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀: ọmọ tí ará abúlé kò fẹ́ kà sí ènìyàn, tó ń pariwo orúkọ ara rẹ̀ títí tí wọ́n fi gbà láti pè é. Ṣùgbọ́n nínú eré àkọ́kọ́ tó ní ìpín 220, láti nǹkan bí ìpín 136 lọ sí òpin, àfikún tí kò sí nínú ìwé Kishimoto ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ibẹ̀ tán. Bí a bá bu omi la ọbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ata kò ní ta mọ́. Ẹ ka ìwé náà dípò rẹ̀.

Ó kù ohun kan tó ń dùn mí ju àbùkù gbogbo eré wọ̀nyí lọ, òun sì ni ohun tí àwọn atúmọ̀ ṣe sí orúkọ. Nígbà tí Pokémon dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1998, Satoshi di Ash, Kasumi di Misty, Takeshi di Brock. Orúkọ Satoshi Tajiri, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀, ni wọ́n fi sọ ọmọ yẹn; ọ̀wọ̀ náà kò sọdá òkun. Nínú Sailor Moon, Tsukino Usagi di Serena ní ọdún 1995. Bí ènìyàn bá gbọ́ Tsukino Usagi ní èdè wọn, "ehoro inú òṣùpá" ni yóò gbọ́, nítorí pé ehoro ni àwọn ará Japan ń rí nínú òṣùpá. Serena kò rí òṣùpá, kò sì rí ehoro. Yubaba ni àwọn atúmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní: "Olùkọ́, àwa náà kò ha ń gé orúkọ kúrú?" À ń gé e. Tolúlọpẹ́, Tolúwalàṣẹ àti Tolúwanimí, gbogbo wọn lè di Tolú. Ọ̀kan jẹ́ ọpẹ́, ọ̀kan jẹ́ àṣẹ, ọ̀kan jẹ́ ẹni tó mọ ẹni tó ni òun. Bí a bá gé wọn tán, a kò mọ èwo ni èwo. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Ìyá tó pe ọmọ rẹ̀ ní Tolú mọ odindi orúkọ náà; bí inú rẹ̀ bá dùn, yóò pè é tán, yóò sì fi oríkì lé e. Àwọn ọ̀rẹ́ inú Kimi no Na wa náà mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tó gé orúkọ tí kò mọ ohun tó gé. Mo máa ń rí i nínú ìwé orúkọ tí wọ́n ń kó fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́: kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà. "Ola" ló wà níbẹ̀. Ṣé ọlá ni, àbí ọlà, àbí ọ̀la? Iyì, ọrọ̀, àti ọjọ́ tí ilẹ̀ kò tí ì mọ́, gbogbo wọn ti di lẹ́tà mẹ́ta. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń kọ orúkọ wọn bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, wọn kò sì mọ̀ pé nǹkan kan sọnù.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, n kò ní kí ẹ má wo ánímè. Ẹ wò ó dáadáa ni mo wí. Ẹ wò ó ní èdè àwọn tó ṣe é, kí ẹ sì máa ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀ àwòrán, kí etí yín lè gbọ́ ìgbà tí Chihiro di Sen, kí ó sì gbọ́ ìgbà tí "watashi" di "ore". Àwọn ará Japan kò kọ àwọn ìtàn wọ̀nyí láti fi wu ará òde. Èdè wọn, orúkọ wọn, iwin etí odò wọn ni wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn, gbogbo ayé sì wá jókòó tì wọ́n láti gbọ́.

Bí ẹ bá wò ó tán, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ fún yín. Ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín, kí ẹ ní kí wọ́n pe orúkọ yín ní odindi, pẹ̀lú gbogbo àwọn èyí tí wọ́n sọ yín ní ọjọ́ ìkómọ. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn. Kí ẹ tètè ṣe é, nítorí ẹnu àwọn àgbà wọ̀nyí nìkan ni òmíràn nínú orúkọ náà ṣì wà.

Ire o.